"Hardworking", "team player": ọ̀rọ̀ tó kún inú CV wa tí kò sọ nǹkan kan

1/ Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń wáṣẹ́, ẹ ṣí CV yín báyìí, kí ẹ wo ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé "hardworking" wà níbẹ̀. "Team player" wà níbẹ̀. "Able to work under pressure" náà ti fìdí kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí wọn lónìí, torí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ wa. 🧵

2/ Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìwà lédè Gẹ̀ẹ́sì ti di aṣọ ìbora. Ẹni tó ń wáṣẹ́ ń fi bo ohun tí kò ráyè ṣàlàyé. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ náà ń fi bo ohun tí kò fẹ́ ká béèrè. Níbi méjèèjì, àwa náà ló ń jìyà ẹ̀.

3/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ tiwa. Mo máa ń bá àwọn èèyàn tún CV wọn ṣe, pàápàá àwọn àgùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Tí mo bá to mẹ́wàá sílẹ̀ tí mo fọwọ́ bo orúkọ, n ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Ẹni tó kọ́ ìṣirò owó, ẹni tó kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹni tó kọ́ Yorùbá bíi tèmi, gbogbo wọn ni "dynamic, self-motivated and goal-oriented". Ṣé ìyá kan náà ló bí gbogbo wa ni?

4/ Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì ò lọ́rọ̀ o. Lọ́dún 1936, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Gordon Allport àti Henry Odbert, ṣa gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ èdè Webster tí wọ́n lè fi ya ìwà èèyàn kan sọ́tọ̀ sí tẹlòmíì. Ohun tí wọ́n rí lé ní 17,900! Nígbà tí wọ́n tún un ṣà, èyí tó jẹ́ ìwà tó dúró lára èèyàn ṣì lé ní 4,500. Nínú gbogbo ìyẹn, bíi mẹ́fà péré là ń yá ara wa lò.

5/ Ẹ wá wo bí Yorùbá ṣe ń ṣe tiẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gidi, a ó ní ó tẹpá mọ́ṣẹ́. Ẹni tí kì í kánjú, a ó ní ó fara balẹ̀. Ẹni tí nǹkan le fún tí kò sá, a ó ní ó forí tì í. Ẹni tí kì í jalè, ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ rí i? Ara ń bẹ níbẹ̀, orí ń bẹ níbẹ̀, ọwọ́ ń bẹ níbẹ̀. Èèyàn ń ṣe nǹkan. A kì í ya ìwà kúrò lára ìṣe.

6/ Nǹkan kejì: ẹlòmíì ló máa ń sọ ọ́ fún èèyàn. Kò sẹ́ni tó máa dìde láàárín mọ̀lẹ́bí kó ní "èmi ọmọlúàbí ni". Wọ́n á kàn máa wò ó ni. Ẹni tó bá a gbé, ẹni tó bá a ṣòwò, ẹni tó yá a lówó tó sì rí i gbà padà, àwọn ló lè pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ yẹn kì í dá rìn, ẹ̀rí ló ń bá a rìn.

7/ Ẹni tó ń ka CV yín náà, bó ṣe ń rò ó nìyẹn. Tó bá rí "I am hardworking", ohun tó ń bi ara ẹ̀ ni pé: iṣẹ́ wo? Nígbà wo? Ta ló rí i? Tí ìdáhùn ò bá sí lórí ìwé, ó ti ṣí CV tó kàn. Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

8/ Kí la wá máa kọ? Ohun tí ẹ ṣe. Bí àpẹẹrẹ:

❌ Detail-oriented
✅ Mo ṣàkọsílẹ̀ ọjà ṣọ́ọ̀bù kan fún oṣù mẹ́jọ, mo sì ń ṣírò owó lálaalẹ́.

❌ Good communication skills
✅ Mo ń dá oníbàárà bí ogójì lóhùn lójúmọ́ lórí WhatsApp, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì.

❌ Leadership skills
✅ Mo kó èèyàn méjìlélógún jọ, a kun kíláàsì mẹ́ta nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́. Àmọ́ òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ o, ẹ má purọ́.

9/ Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò tíì ṣiṣẹ́ rí. Ọmọ tó ti ń bá ìyá ẹ̀ tajà ní Ọjà Ọba n'Íbàdàn láti kékeré mọ bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà láìsọ ọ́ dìjà. Ó mọ ọjà tó máa tà lásìkò ọdún. Ó mọ ẹni tí wọ́n lè tà fún láwìn. Ilé iṣẹ́ ńlá ń sanwó gidi fún ẹni tó mọ nǹkan wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ wa á kọ "hardworking", á wá fi ọjà sílẹ̀, torí pé ojú ń tì í. Ìyẹn máa ń dùn mí gan-an.

10/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbani síṣẹ́. Ẹ gbọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú ìkéde wọn, bí ojú mi ṣe rí i:

"Fast-paced environment": òṣìṣẹ́ ò tó.
"Able to work under pressure": ilẹ̀ á máa ṣú bá yín níbẹ̀.
"Multi-tasking": iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta, owó ẹnì kan.
"Passionate": owó yẹn kéré.
"We are a family here": ẹ má béèrè owó rárá.

Ilé iṣẹ́ tó dáa wà o, n ò sọ pé gbogbo wọn ni.

11/ Èyí tó burú jù lójú tèmi ni "resilient". Ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe oṣù márùn-ún kọ ọ́ sínú ìkéde wọn. Fídíò ni wọ́n gbà mí fún. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi ni mò ń yà á, èmi ni mò ń gé e, èmi náà ni mò ń dá oníbàárà lóhùn títí aago mọ́kànlá alẹ́. Owó oṣù, ó di ọjọ́ kejìlá oṣù tó tẹ̀ lé e. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ọ̀gá á ní ìdí táwọn fi gbà mí nìyẹn, torí pé mo "resilient". Àìdáa ni wọ́n ń ṣe sí mi, wọ́n wá ń fi orúkọ ìwà mi pè é.

12/ Ìforítì dáa. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ń forí tì í, torí ó mọ̀ pé ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù ń bọ̀. Wọ́n á wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, wọ́n á gbàdúrà fún un, á sì lọ dá dúró. Ìforítì tí kò lọ́jọ́ tí kò lérè, ìyà lásán ni, ẹ má jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì tàn yín jẹ.

13/ Gẹ̀ẹ́sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bo nǹkan tó le. Ẹ wo "deadline". Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ní àgọ́ tí wọ́n há àwọn ọmọ ogun mọ́ ní Andersonville lọ́dún 1864, ìlà gidi ni. Ẹlẹ́wọ̀n tó bá ré e kọjá, ìbọn ni wọ́n ń yìn lù ú. Lónìí, ọ̀gá á fi ránṣẹ́ sí yín ní aago mẹ́wàá alẹ́, á sì fi emoji ẹ̀rín sí i. 😊

14/ Àwa obìnrin ní tiwa lọ́tọ̀. Wọ́n á ní àwọn ń wá "aggressive marketer", ẹni tó "assertive", tó "ambitious". Ọkùnrin wọlé, ó dárúkọ iye tó fẹ́ gbà, wọ́n ní ó dá ara ẹ̀ lójú. Obìnrin wọlé, ó dárúkọ iye kan náà, wọ́n ní ọ̀yájú ni, ojú ẹ̀ ti là jù. Ìwà kan, orúkọ méjì! Tí wọ́n bá pè yín ní "difficult", ẹ rọra béèrè: kí ni mo ṣe? Ọjọ́ wo ni? Tí wọn ò bá rí ìṣe kan tọ́ka sí, orúkọ yẹn kì í ṣe tiyín.

15/ Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe níbi interview. Ẹ fọ̀wọ̀ sí i, "ẹ jọ̀ọ́ sà", "ẹ jọ̀ọ́ mà", kẹ́ ẹ sì béèrè: Àwa mélòó la máa wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí? Aago mélòó la ń ṣíwọ́? Tá a bá pẹ́, ṣé owó wà fún un? Kí ló dé tí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi lọ? Bí wọ́n bá dáhùn tààrà, ó dáa. Bí wọ́n bá tún da "passion" bò yín, ẹ ti gbọ́ èsì yín nìyẹn.

16/ Òfin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dídùn ò tó. Labour Act Nàìjíríà, abala keje, ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé láàárín oṣù mẹ́ta tó bá bẹ̀rẹ̀. Irú iṣẹ́, owó iṣẹ́, wákàtí iṣẹ́ á wà nínú ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣẹ́ akọ̀wé ni òfin yẹn ń sọ, kò kan àwọn ọ̀gá àtàwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má béèrè ìwé tiyín.

17/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní: "Kọ̀ǹpútà ló ń ṣa CV báyìí, ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ló ń wá." Òótọ́ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ kan ń lò ó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìkéde sí i nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ so ó mọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe. Ẹ̀rọ á rí ọ̀rọ̀, èèyàn tó máa kà á lẹ́yìn ẹ̀ á rí ẹ̀rí.

18/ Iṣẹ́ alẹ́ òní: ẹ pa ọ̀rọ̀ ìwà kan rẹ́ nínú CV yín, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe síbẹ̀. Ẹyọ kan péré. Tó bá ṣòro, ẹ ju ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ibí, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ti ṣe rí ní Yorùbá, a ó jọ bá yín wá bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́. Ọjà ìyá yín náà wà lára ẹ̀ o. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wáṣẹ́. Ire o. 🙏🏾