Irú Omi Wo La Ń Dà Síwájú?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Oore la sábà máa ń pa òwe yìí mọ́. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé gbogbo omi ló ń tu ilẹ̀ lára. Irú èyí tá a bá dà ni ẹsẹ̀ yóò bá.

Ẹ wo Abẹ́òkúta, ìlú aládìrẹ. Ewé èlú àti omi eérú ni àwọn ìyá aláró fi ń rẹ aṣọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí aró òyìnbó àti sódà kọ́sítíìkì dé, iṣẹ́ yá. Aláké Ladapo Ademola, ọba ìlú náà, fòfin dè wọ́n láàárín àwọn ọdún 1930, àwọn ìyá aláró sì bá òfin náà jà. Bí aṣọ ṣe ń bàjẹ́ ló fa òfin náà, kì í ṣe omi.

Omi aró tó wọ gọ́tà kì í pẹ́ dé odò. Odò Ògùn gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí Èkó, ní Akute ni wọ́n sì ti ń fa omi rẹ̀ lọ sílé iṣẹ́ omi Ìjú àti Adíyàn. Àwọ̀ tó ṣú kì í jẹ́ kí oòrùn dé ọ̀dọ̀ ewéko inú omi. Hydrosulphite tá a fi ń po aró sì ń gba atẹ́gùn tí ẹja ń mí mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àtúnṣe kò jìnnà: amọ̀ funfun wà nílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ara amọ̀ ní àmì àyọkúrò bíi ti ìdí bátìrì, nítorí náà aró tó ní àmì àròpọ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn wéré. Ọ̀pọ̀ aró aṣọ òwú ni kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì àyọkúrò làwọn náà ní, ni amọ̀ bá ń tì wọ́n dànù. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì fi ń tún amọ̀ ṣe: wọ́n á fi ásíìdì fọ̀ ọ́ kí ojú rẹ̀ là, tàbí kí wọ́n fi chitosan, ohun tí wọ́n ń yọ lára èèpo edé àti akàn, bò ó, kó lè fa aró mọ́ra. Amọ̀ á wá rọ̀ sísàlẹ̀, omi á tòrò.

Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ló ni ìkòkò amọ̀, òun náà ló ni aró. Kò yẹ kí àwọn méjèèjì jìnnà síra.

Amọ̀ kì í mú sódà o. Ó di dandan ká kọ́kọ́ fi ásíìdì pa á. Amọ̀ tó ti mu aró náà kò sì ṣeé kó dà sétí odò, torí òjò á tún gbé e wọ inú odò.

Kòtò kan tá a ti máa fi amọ̀ yìí sẹ́ omi aró, tí gbogbo agbo aláró yóò jọ máa lò, kì í ṣe ẹrù ẹnì kan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ aládìrẹ, ìjọba ìbílẹ̀ àti yunifásítì tó ń ṣèwádìí amọ̀, ẹ jókòó pọ̀, kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.