Ọ̀dà Kì í Wo Ìpẹtà Sàn

Lọ́jọ́ tí mo gbé Ìjàpá bàbá mi lọ sọ́dọ̀ panẹ́ẹ̀lì-bítà kan ní Múṣin, mo rò pé ọ̀dà tuntun lásán ló ń fẹ́. Ọ̀gá náà ò tiẹ̀ wo ọ̀dà. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì iwájú sókè, ó fi súkúdíráfà gún irin abẹ́ rẹ̀. Irin rún wómúwómú bíi bisikíìtì. Mo ń wo ilẹ̀ títì láti inú ọkọ̀.

Ẹni tó ṣe é tẹ́lẹ̀ ti rẹ́ bọ́dì fílà lé ìpẹtà lórí, ó kùn ún lọ́dà, ó gbowó lọ. Ọkọ̀ ń dán lókè, ìpẹtà ń jẹun lọ lábẹ́. Ṣé wọ́n sì ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká máa bú àwọn oníṣẹ́ nìkan o. Àwa oníbàárà la kọ́ wọn ní màgòmágó. Ká tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ò ju "Ọ̀gá, ẹ bá mi mánéèjì ẹ̀" lọ.

Iṣẹ́ yìí ò ṣeé mánéèjì. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé irin tó ti jẹrà kúrò títí wọ́n á fi kan èyí tó dáa. Wọ́n á fi páálí wọn àlàfo yẹn, wọ́n á gé ṣíìtì irin tó nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà kan, wọ́n á fi òòlù lù ú títí á fi bá ojú ibẹ̀ mu. Tí wọ́n bá ń jó o, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún ni, kó lè máa tutù. Iná tó bá pọ̀ jù á mú kí irin fẹ́lẹ́ ká kò.

Ní 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́ níbí, tí Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Wọn ò to Ìjàpá mọ́. Irin rẹ̀ tuntun wà lókè òkun, àmọ́ dọ́là ni wọ́n fi ń tà á. Ọwọ́ àwọn ọ̀gá Múṣin ló kù wá kù. Ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo bá lọ́dọ̀ ọ̀gá tèmi.

Mo mọ̀ pé owó ò sí. Ẹ kọ́kọ́ san ti irin, kí ọ̀dà dúró di oṣù mìíràn. Orí irin yẹn ni wọ́n de àga yín mọ́, ẹ̀yin lẹ sì ń jókòó lé e.