Ìbọn Àbẹ́lẹ̀ Kò Lè Gbà Wá: Ìwé Ni Kí A Fi Jà

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní Zaria, láti Sabon Gari dé Tudun Wada títí lọ dé Samaru: Ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu àwọn ènìyàn wa kan, àwa kò sì lè pa ẹnu mọ́ sí i. Wọ́n ní kí olúkúlùkù lọ wá ìbọn tirẹ̀, kí ó fi í sábẹ́ ibùsùn.

A mọ ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn ajínigbé wọ Nuhu Bamalli Polytechnic ní Zaria níhìn-ín, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ. Ní oṣù keje ọdún kan náà, wọ́n wọ ilé ìwòsàn àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ àti adẹ́tẹ̀ ní Saye, wọ́n kó òṣìṣẹ́, wọ́n kó ọmọ ọwọ́. Ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ nítòsí ilé rẹ̀ kò lè ṣàì ronú ìbọn. A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí pé ẹ̀rù ń bà á. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbà wá ni a kọ̀.

Wọ́n ní gómìnà ti fọwọ́ sí i. Lóòótọ́, ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, Gómìnà Masari ti Katsina sọ pé kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ohun ìjà láti fi gba ara wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Gómìnà Matawalle ní Zamfara kéde pé kí kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá fún àwọn ará ìlú ní ìwé àṣẹ ìbọn, pé fọ́ọ̀mù 500 ni yóò lọ sí ọ̀dọ̀ emir kọ̀ọ̀kan. Kí ló tẹ̀lé e? Ọ̀gá àgbà àwọn ológun nígbà náà, Lucky Irabor, sọ gbangba pé gómìnà kò ní agbára bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni ó sọ. Nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ọ̀rọ̀ ohun ìjà wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan.

Òfin ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́, àfi kí Ààrẹ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ìbọn ọdẹ ti òyìnbó, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni yóò fọwọ́ sí i. Ṣakabùlà pàápàá kò ṣe é gbé láìní ìwé. Ẹni tí wọ́n bá ká irú àkọ́kọ́ mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 ni òfin kọ sílẹ̀ fún un. Ẹ bi ara yín: bí ọlọ́pàá bá tú ẹrù yín ní ojú ọ̀nà Kaduna, ṣé ìkéde gómìnà lórí rédíò ni ẹ ó fi hàn án? Àwa tí à ń gbé ìlú onílùú, a kò ní bàbá ìsàlẹ̀ tí yóò wá gbà wá sílẹ̀ ní òru. Bí ìjà bá bẹ́ ní àdúgbò, tí wọ́n sì rí ìbọn nílé àlejò kan, gbogbo àlejò ni yóò jẹ nínú ẹ̀sùn náà.

Àwọn mìíràn a ní, "Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Ṣebí ìbọn wà nílé gbogbo ènìyàn níbẹ̀?" Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ṣe é. Ní Washington, olú-ìlú wọn, òfin 1976 kò jẹ́ kí ará ìlú ní ìbọn ìléwọ́ nínú ilé. Àwọn lọ́yà mẹ́ta kan, Robert Levy, Clark Neily àti Alan Gura, fara balẹ̀ yan ènìyàn mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ wọn lè dúró níwájú adájọ́, wọ́n sì pe ẹjọ́ ní 2003. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2007, márùn-ún nínú mẹ́fà já bọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, Dick Heller, ẹni tí ń fi ìbọn ṣọ́ ilé ìjọba lójú iṣẹ́. Kí ló yọ ọ́ láàárín àwọn yòókù? Ó ti lọ sí ọ́fíìsì, ó ti béèrè ìwé àṣẹ, wọ́n sì ti kọ̀ fún un. Àwọn márùn-ún yòókù kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti fi hàn. Ní 2008, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre. Ti New York ní 2022 rí bẹ́ẹ̀: àwọn méjì tó béèrè ìwé àṣẹ tí wọn kò rí èyí tí wọ́n fẹ́ gbà ni wọ́n fi pe ẹjọ́, wọ́n sì borí.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìlà kan lórí ohun ìjà ti wà nínú òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1791. Tiwa kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Àní pẹ̀lú ìlà yẹn, ní 2024, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án níbẹ̀ gbà pé ìjọba lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí kóòtù ti rí i pé ó jẹ́ ewu fún obìnrin rẹ̀. Níbi tí ìbọn ti pọ̀ jù lọ láyé náà, ìwé ni wọ́n fi ń jà á.

A mọ̀ pé àwọn àgbà yóò sọ pé a kì í ti kóòtù dé kí a tún ṣọ̀rẹ́. Láàárín ọmọ ìyá tàbí aládùúgbò, òwe náà pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Shagari lé Shugaba Darman kúrò nílùú lọ sí Chad ní oṣù kìíní 1980, pé kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, kóòtù Maiduguri ló dá a láre. Ẹni tí wọ́n pè ní àlejò ni, ìwé ló sì gbà á.

Nílé wa pàápàá, nígbà tí Amọ̀tẹ́kùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2020, tí Malami tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ sọ pé kò bófin mu, àwọn gómìnà wa kò sá wọ igbó. Wọ́n lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sọ ọ́ di òfin ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí ẹni tí iṣẹ́ tàbí oko rẹ̀ nílò ìbọn ọdẹ béèrè ìwé àṣẹ, kí ó tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a kọ orúkọ àwọn ọdẹ òru wa fún ọlọ́pàá àti fún mai unguwa, kí àwọn Hausa àti Igbo àdúgbò wa lè bá wa ṣọ́ ọ. Bí àgọ́ ọlọ́pàá kò bá dáhùn ìpè, kí a kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ sì dá owó lọ́yà sílẹ̀ lọ́tọ̀. Abala 33 nínú ìwé òfin gbà pé ènìyàn lè fi agbára tó mọ níwọ̀n gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìwà ipá. Abala 46 sì ṣí ilẹ̀kùn High Court fún ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òfin ní kí a gba ara wa, kò sì fún wa ní ohun tí a ó fi gbà á. Ẹjọ́ tó yẹ kí ẹnì kan gbé lọ síwájú adájọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tí ìwé rẹ̀ sì pé ni yóò lè gbé e lọ. Ẹni tí ó bá ní ìbọn àbẹ́lẹ̀ nílé ti ba ẹjọ́ náà jẹ́ fún gbogbo wa kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, ní orúkọ ẹ̀ka Zaria.