Gbọ̀ngàn Ìgánmú wù wá, ṣùgbọ́n irú èwo ni Pobè àti Sakété yóò kọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ná ọjà Èkó ti rí i láti inú ọkọ̀, ẹ ò sì yà wọ ibẹ̀ rí. Ilé ńlá kan ni ní Ìgánmú, ó dà bí fìlà ọ̀gá ṣójà tí ẹnì kan bọ́ sílẹ̀ sórí pápá. Tíátà Ìgánmú ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ní 2024, nígbà tí Wọlé Ṣóyínká pé ẹni 90 ọdún, ìjọba Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé náà. A gba Sakété já sí Ìgólò, a kọjá Ìdí-Ìrókò, a lọ wò ó. Ká má purọ́, ilé náà wù wá.

Ọkọ̀ ojú irin Èkó ló gbé wa débẹ̀; ó ní ibùdó kan tí wọ́n fi orúkọ tíátà náà pè. Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀, a ò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gíga rẹ̀ ju mítà 30 lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gíga ló kọ́kọ́ mú ojú wa, bí kò ṣe bí gbogbo ara rẹ̀ ṣe tẹ̀. Ilé tí àwa mọ̀ ní Pobè, igun mẹ́rin ni, a ó fi páànù dé e, ó parí. Èyí, bí a ṣe ń yí i ká ló ń pa ojú dà: níhìn-ín fìlà ni, lọ́hùn-ún ó dà bí ọkọ̀ ojú omi. A yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, oòrùn ni kò jẹ́.

Gbọ̀ngàn àgbà inú rẹ̀, èrò 5,000 ni àwọn tó kọ́ ọ fi sọ́kàn. Ẹ ro ó wò: kí ọjà Pobè kún bámúbámú, kí gbogbo èèyàn wá jókòó, kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n kọjú sí ibì kan ṣoṣo.

Àwọn ará Bùlgáríà ló kọ́ ọ. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ó parí ní 1976, ní ìmúrasílẹ̀ fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé ní oṣù kìíní sí oṣù kejì 1977. Àwòrán rẹ̀ kì í ṣe ti Èkó. Ní ìlú Varna, létí òkun Bùlgáríà, ilé kan wà tí wọ́n ń lò fún eré ìdárayá àti orin. Òun ni wọ́n wò kọ́ ti Ìgánmú, wọ́n sì mú un tóbi sí i. Àwọn kan máa ń tìtorí èyí bú ilé náà. Àwa ò bá wọn sí i. Mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tó wà ní Porto-Novo, tí àwọn ọmọ wa tó ti Bràsíl padà dé kọ́, bí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ló rí, síbẹ̀ ta ló máa wò ó lónìí tí kò ní sọ pé tiwa ni?

Ohun mìíràn ló kọ wá lóminú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òrùlé Ìgánmú fi ń jò, tí ẹ̀rọ amúlétutù kò ṣiṣẹ́, tí àwọn òṣèré sì ń sá fún gbọ̀ngàn àgbà. Ìjọba tilẹ̀ fẹ́ gbé e fún aládàáni. Àwọn ilé ìfowópamọ́ àti Báǹkì Àgbà Nàìjíríà ló wá kówó jọ tún un ṣe, tí wọ́n sì ṣí i padà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2025. Nàìjíríà o, pẹ̀lú gbogbo epo rẹ̀! Bí ilé kan bá lè bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ àwọn báǹkì ló gbà á là, ta ni yóò gba tiwa là ní Sakété?

A ń béèrè nítorí pé kò sí ìgbà tí òjò bá da ayẹyẹ rú nílé wa tí ẹnì kan kò ní sọ pé ó yẹ kí kọ̀múnù kọ́ gbọ̀ngàn ńlá fún wa.

Kì í ṣe pé a ò ní ohun tí a lè fi hàn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a ń jó níhìn-ín àti ní Kétu, UNESCO ti kéde ní 2001 pé ogún gbogbo aráyé ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọnú ilé. Ojú ọjà ni ilé rẹ̀. Lóru, nígbà tí Ẹ̀fẹ̀ bá jáde tó ń kọrin bá ìlú wí, ìta gbangba ló yẹ ẹ́, kí ẹni tí wọ́n ń bá wí lè rí ẹ̀yìnkùlé sá gbà.

Gbọ̀ngàn tí à ń wí, ti àwọn yòókù ni: ẹgbẹ́ akọrin, eré oníṣe àwọn ọmọ ilé ìwé, ìpàdé àwọn ọlọ́jà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá. Lónìí, àgọ́ àti àga rọ́bà ni a ń yá fún wọn. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, kálukú a sá. Bí a bá sì kó wọ kíláàsì, páànù ni òrùlé, bíríkì sìmẹ́ńtì ni ògiri. Òjò á máa lu páànù, ọ̀rọ̀ á máa ta padà lára ògiri, ọmọ tó ti fi oṣù kan kọ́ ewì rẹ̀ á máa la ẹnu, ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn kò ní gbọ́ nǹkan kan. A ti jókòó lẹ́yìn bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí náà, Ìgánmú kọ́ ló yẹ ká wò kọ́ tiwa. Ẹ wo Porto-Novo, tí kò jìnnà sí wa. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2021, Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, ló ya àwòrán rẹ̀. Igi àpérò ló wò ṣe é, igi tí àwọn àgbà máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀ ìlú. Ọkùnrin yìí kan náà, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́, ní Gando, abúlé rẹ̀, ó sì parí ní 2001. Amọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ tí wọ́n fi ṣe bíríkì. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló bá a ṣiṣẹ́. Ó fi bíríkì ṣe àjà, ó wá gbé páànù sókè kúrò lára àjà náà, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín méjèèjì kọjá, kó gbé ooru lọ. Ní 2022, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù fún ayàwòrán ilé lágbàáyé. Kò sí ọmọ Áfíríkà tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀.

Ilẹ̀ pupa ló kún Sakété. Àjà amọ̀ tó nípọn lábẹ́ páànù yóò dín ooru kù, yóò sì dín ariwo òjò kù. Ògiri bíríkì amọ̀ tí kò dán, tí a dá ihò sí lára, kì í ta ohùn padà bí ògiri sìmẹ́ńtì tí a rẹ́. Èèyàn 300 sí 400 ti tó wa. Bí apá kan bá bàjẹ́ níbẹ̀, bíríkìlà àdúgbò lè tún un ṣe láìdúró de àlejò kankan láti òkè òkun.

Àwọn ìyá wa ọlọ́jà lè bi wá pé: owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn lọ́jọ́ ọjà, ṣé orin la fẹ́ fi kọ? Ilé ìyàgbẹ́ ọjà ńkọ́? Òótọ́ ni wọ́n máa sọ, a ò sì ní bá wọn jiyàn. Omi àti ilé ìyàgbẹ́ ló ṣíwájú. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ gbọ̀ngàn bá pé, kí wọ́n kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kí ilé ìyàgbẹ́ kan náà lè wúlò fún méjèèjì, kí àwọn ọlọ́jà máa ṣèpàdé níbẹ̀ láàárọ̀, kí àwọn ọmọ máa ṣeré níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kí wọ́n sì ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀: ẹni tí yóò gun òrùlé yẹ̀ ẹ́ wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí yóò máa ra gílóòbù, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí mérì bá pe ìpàdé lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn ni ká kọ́kọ́ bi wọ́n, ká tó béèrè bí òrùlé yóò ṣe rí.