Ewé Àgbo Yẹ Lẹ́ni Tí Ń Wọ̀n

Bí ó ti jẹ́ pé kò sí àdúgbò kan láti Akute títí dé Mowé àti Ìbàfò tí ènìyàn kò ti ní rí alágbo tí ó gbé ike àgbo ibà àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kalẹ̀ láti ìdájí, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ awakọ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti abiyamọ ti ń wá ìlera kí wọ́n tó rántí dókítà, ohun tí ó wà nínú ewé wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ìjọba lè fojú fò dá. Ó yẹ kí ìpínlẹ̀ Ògùn máa wọn òjé àti àwọn irin olóró mìíràn nínú ewé àgbo, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti ń já a.

Odò Ògùn, odò Yemọja, gba Abẹ́òkúta ìlú Lísàbí kọjá, ó sì ń kó ẹ̀gbin ibi tí ó gbà bọ̀ lọ́wọ́. Ní Akute, Èkó a máa fa omi rẹ̀ lọ sí Ìjù fún sísẹ́, ṣùgbọ́n ewúro àti ẹfinrin tí ó hù sí bèbè rẹ̀ kò rí ẹni bá wọn sẹ́ tiwọn. Òjé tí a máa ń pò mọ́ epo pẹtiróòlù ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún bá èéfín ọkọ̀ balẹ̀ lẹ́bàá títì Èkó sí Ìbàdàn, òjé kì í sì í jẹrà. Ní Ògijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù, ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba ti àwọn ilé iṣẹ́ kan pa ní 2025. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Èyí kò sọ pé ewé Akute lóró. Ó sọ pé kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán dá a láre.

Wíwọn òjé inú ewé kò ju ọgbọ́n wa lọ. A ó fọ apá kan ewé, a ó fi apá kejì sílẹ̀ láìfọ̀, kí a lè ya ohun tí eruku gbé lé e lórí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí gbòǹgbò fà mu. A ó sá a gbẹ, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó sun ún di eérú, a ó fi ásíìdì yọ́ eérú náà, a ó sì fẹ́ omi rẹ̀ sínú iná ẹ̀rọ kan tí fìtílà rẹ̀ ń tan irú ìmọ́lẹ̀ tí òjé máa ń gbé mì, tí ó fi jẹ́ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ti dínkù tó ni òjé pọ̀ tó. Ààlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé pa ni miligíráàmù 10 òjé nínú kìlógíráàmù kan ewé gbígbẹ. Ti cadmium, irin olóró mìíràn, kò gbọ́dọ̀ ju miligíráàmù 0.3 lọ.

Alágbo gbójú lé iná, nítorí iná ń pa kòkòrò àrùn. Òjé kò lẹ́mìí tí iná yóò gbà. Omi ògì kíkan tí a fi ń rẹ ewé tilẹ̀ lè fa irin jáde ju omi lásán lọ. Ní 2006, Dora Akunyili, olórí NAFDAC, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, nígbà náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì àyẹ̀wò oògùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà jáde: kò sí ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò tí irin inú rẹ̀ kò ga. Ohun tí òjé lè ṣe fún ọmọdé, ìpínlẹ̀ Zamfara ti rí i ní 2010, nígbà tí ó pa èyí tí ó lé ní 400 nínú wọn níbi ìwakùsà wúrà.

Àwọn kan yóò ní àwọn baba wa mu àgbo, wọ́n sì dàgbà, wọ́n darúgbó. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n igbó wọn kò mọ bátìrì, àwọn náà ni wọ́n sì kọ́ wa pé ewé ní ìgbà tí a ń já a, ó sì ní ibi tí a ń já a. Wọ́n ní oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó ku kan. Lóde òní, ewé lè pé kí ohun tí a kò pè sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ fi èyí lé alágbo kúrò lẹ́bàá ọ̀nà ṣìkà, nítorí kì í ṣe òun ni ó da òjé sílẹ̀. NAFDAC ń fún oògùn inú ìgò ní nọ́ńbà, àgbo inú ike kò ní. Nítorí náà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé owó kalẹ̀ fún Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn ti Abẹ́òkúta, kí wọ́n wọn ewé bèbè odò Akute, ti etí títì Mowé àti ti oko tí ó jìnnà sí ọ̀nà, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, kí wọ́n ka èsì rẹ̀ ní èdè Yorùbá ní ọjà, kí ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, tí Akute wà lábẹ́ rẹ̀, sì ya ilẹ̀ tí ó bá mọ́ sọ́tọ̀ fún àwọn ẹlẹ́wé láti máa gbìn ín.