Sẹ́nétọ̀ Bíọ́dún Olújìmí àti Ogún Opó

Bí ọkọ bá kú ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa yìí, ta ni yóò ni oko ọ̀pẹ tó fi sílẹ̀? Irú ọ̀rọ̀ yìí ni Sẹ́nétọ̀ Bíọ́dún Olújìmí, ọmọ Òmùò-Èkìtì, gbé dé Ilé Aṣòfin Àgbà ní Àbújá. (Títí di 1996, ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti Èkìtì; ọmọ ilé ni.) Àbá òfin rẹ̀ fẹ́ kí obìnrin ní àǹfààní kan náà pẹ̀lú ọkùnrin lẹ́nu ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́, kí opó pín nínú ogún ọkọ rẹ̀, kí wọ́n má sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2016, àwọn kan dìde pé ó lòdì sí Òfin orílẹ̀-èdè àti sí ẹ̀sìn. Nígbà tí wọ́n bi Ilé, “rárá” ló borí. Ó dùn mí. Bí Kristẹni kan bá sọ pé Bíbélì lòun fi ń kọ̀ ọ́, kó ka Númérì orí 27: ọmọbìnrin márùn-ún dúró níwájú Mósè àti gbogbo ìjọ, wọ́n bèèrè ilẹ̀ bàbá wọn, Olúwa sì dá wọn láre.

Arábìnrin yìí kò jókòó. Ní 2018 ó di olórí àwọn sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ alátakò. Ní oṣù Kejìlá 2021 ó tún gbé àbá náà wá. Wọ́n tún dá a dúró. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ ní 2023, kò tíì di òfin.