Owó ìlú, ọkọ̀ aládàáni: Kí Amẹ́ríkà má gbára lé ẹnì kan ṣoṣo

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjà ẹnu bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ààrẹ Donald Trump ti Amẹ́ríkà àti Elon Musk, olówó tó ni ilé-iṣẹ́ SpaceX. Ààrẹ ní bí ìjọba bá fẹ́ dín ìnáwó kù, kí wọ́n fagi lé iṣẹ́ àgbàṣe tí wọ́n gbé fún Musk. Musk náà fèsì pé kò burú, òun yóò kó ọkọ̀ Dragon òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ ló ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó wò: nígbà náà, kò sí ọkọ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ń gbé èèyàn lọ sí ibùdó ojú sánmà, tó sì ń gbé wọn padà, yàtọ̀ sí Dragon yìí. Inú bí ẹnì kan ní ọ̀sán, ó sì kù díẹ̀ kí iṣẹ́ odidi orílẹ̀-èdè dúró.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀? Láti ọdún 1981 ni NASA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú sánmà fún ìjọba Amẹ́ríkà, ti ń lo ọkọ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Space Shuttle. Ọkọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó bí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń jẹ koríko. Èèyàn méje bá Challenger lọ ní ọdún 1986, méje mìíràn bá Columbia lọ ní ọdún 2003. Ní oṣù keje ọdún 2011, wọ́n gbé e jókòó. Láti ìgbà náà, fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, ọkọ̀ Soyuz ti Rọ́ṣíà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá wọn wọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2020, owó ìjókòó kan ti tó 90 mílíọ̀nù dọ́là. Kí ni ẹni tí kò ní ọkọ̀ yóò ṣe? Iye tí ọlọ́kọ̀ bá pè ni yóò san.

NASA kò ká ọwọ́ gbera ṣá. Láti ọdún 2006 ló ti ń fi owó ran àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ kí wọ́n lè kan ọkọ̀ tiwọn, kí ìjọba sì máa háyà rẹ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń sanwó. Látijọ́, ilé-iṣẹ́ tó bá gba iṣẹ́ yóò náwó, yóò kó ìwé ìnáwó wá, ìjọba yóò san án, yóò sì fi èrè lé e. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti kọ́lé rí mọ ohun tí mo ń sọ. Bí ẹ bá gba bíríkìlà ní owó ojúmọ́, ògiri ọjọ́ mẹ́ta lè di ti ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá jẹ́ àgbàṣe ni, tí ẹ ti jọ ná an tán, bó bá pẹ́, àpò ara rẹ̀ ló ń jẹ. Àgbàṣe ni NASA yàn. Ó ní bí wọ́n bá parí ìpele kan, òun yóò san owó ìpele náà, kí ilé-iṣẹ́ sì mú owó tirẹ̀ kún un.

Ilé-iṣẹ́ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ mú: SpaceX àti Rocketplane Kistler. Kistler kò rí owó tirẹ̀ kó jọ. Ní ọdún 2007 ni NASA gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi 32 mílíọ̀nù dọ́là ló ṣì gbà nínú 207 mílíọ̀nù. Wọ́n fi Orbital Sciences rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2008. Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn náà. Agbaṣẹ́ṣe mélòó ló gba owó ọ̀nà ní ilẹ̀ wa níbí, tó pa ọ̀nà tì, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í ní nǹkan kan?

SpaceX pàápàá kò rí i ṣe wẹ́rẹ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ ló bàjẹ́, ẹ̀kẹrin ló dé ojú sánmà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, Dragon gbé ẹrù dé ibùdó. NASA fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2011 pé bó bá jẹ́ lọ́nà àtijọ́ ni òun fi kan rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9, ìnáwó rẹ̀ ì bá tó 4 bílíọ̀nù dọ́là. Iye tí SpaceX ná kò tó 400 mílíọ̀nù.

Àwọn kan kò gbà. Neil Armstrong, ẹni tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, àti Eugene Cernan, ẹni tó kúrò lórí rẹ̀ kẹ́yìn, lọ síwájú àwọn aṣòfin ní ọdún 2010 láti tako ètò Ààrẹ Obama, tó fẹ́ kí aládàáni máa gbé èèyàn pẹ̀lú. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò gbè wọ́n. Ní ọdún 2014, NASA gbé iṣẹ́ èrò fún Boeing ní 4.2 bílíọ̀nù dọ́là, ó sì gbé e fún SpaceX ní 2.6 bílíọ̀nù. Ọmọdé tí wọ́n san owó kékeré fún ló kọ́kọ́ jíṣẹ́: ní ọgbọ̀njọ́ oṣù karùn-ún ọdún 2020, Dragon gbé Doug Hurley àti Bob Behnken lọ, wọ́n sì padà láyọ̀.

Boeing ńkọ́? Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ọkọ̀ Starliner rẹ̀ gbé Butch Wilmore àti Suni Williams lọ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ. Ọkọ̀ ń jò, ẹ̀rọ tó ń tì í kò ṣe déédéé, NASA sì ní kó máa bọ̀ lófìfo. Oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì lò lókè, kó tó di pé Dragon gbé wọn wálẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2025. Àdánù Boeing ti lé ní 2 bílíọ̀nù dọ́là, àpò ara rẹ̀ ló sì ti ń jáde. Bí kò bá jẹ́ àgbàṣe ni, àwọn tó ń san owó orí ni ì bá ru ẹrù náà. Àmọ́ NASA kò mọ́ pátápátá: olùyẹ̀wò àjọ náà sọ ní ọdún 2019 pé wọ́n gbà láti fi 287 mílíọ̀nù dọ́là kún owó Boeing. Èwo ni àfikún nínú àgbàṣe?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà. Ohun tó mú kí ètò yìí dára ni pé ilé-iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń mú. Nígbà tí Orbital sọ rọ́kẹ́ẹ̀tì nù ní ọdún 2014, SpaceX wà níbẹ̀. Nígbà tí ti SpaceX náà gbiná lófurufú ní ọdún 2015, Orbital padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún náà. Ní ti èrò, ìkejì kò sí. Àwa náà wà nínú rẹ̀ díẹ̀: Falcon 9 yìí ló ń gbé àwọn sátẹ́láìtì Starlink, tí àwọn èèyàn fi ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, dé àwọn ibi tí ọ̀pá tẹlifóònù kò dé.

Ohun tí mo rí tó yẹ kí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ni pé kí wọ́n má fi Boeing sílẹ̀, kí wọ́n má sì fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀, kí wọ́n sì wá ẹlòmíràn mọ́ ọn bí kò bá lè ṣe é. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó ti gba owó ìlú kò lè tìtorí ìbínú gbé ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ìgbésẹ̀ tí mo ń rí báyìí ò tíì jọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, NASA àti Boeing dín ìrìnàjò Starliner kù láti mẹ́fà sí mẹ́rin, wọ́n sì ní ẹrù nìkan ni èyí tó kàn yóò gbé. Ibùdó ojú sánmà náà pàápàá, tí wọ́n fẹ́ wó lẹ́yìn ọdún 2030, ọkọ̀ tí yóò tì í bọ́ sínú òkun, SpaceX náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ní ọdún 2024, ní iye tó lè tó 843 mílíọ̀nù dọ́là.